Òwú Pọ́ọ́kú

Lọ́jọ́ tí ilé iṣẹ́ tí bàbá Abẹ́rẹ́ ti ń wa ọkọ̀ gé owó oṣù gbogbo òṣìṣẹ́ sí ìdajì, ìyá rẹ̀ kò sunkún, bẹ́ẹ̀ ni kò bú ẹnikẹ́ni. Ó kó àwọn aṣọ tó ń rán lọ́wọ́ kúrò lórí tábìlì, ó nu tábìlì náà, ó sì ní kí gbogbo ilé wá jókòó. Gbogbo ilé ọ̀hún kò ju mẹ́rin lọ: bàbá, ìyá, Ìyá Àgbà tó bí bàbá, àti Abẹ́rẹ́ fúnra rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni, ó ga, ó sì tẹ́ẹ́rẹ́ débi pé kò sẹ́ni tó tún rántí pe orúkọ tí wọ́n sọ ọ́.

"Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́," ni ìyá wí. "Owó tó ń wọlé ti dín kù, ìnáwó wa náà gbọ́dọ̀ dín kù. Kí kálukú sọ ohun tó lè fi sílẹ̀."

Bàbá ní òun ò ní wọ ọkọ̀ èrò lọ síbi iṣẹ́ mọ́, pé ẹsẹ̀ òun ò tíì rọ. Ìyá Àgbà ronú títí, ó ní òun fi ẹran líle sílẹ̀. Ẹ̀rín pa gbogbo wọn, nítorí eyín mẹ́ta péré ló kù lẹ́nu ìyá náà, ó sì ti tó ọdún márùn-ún tó ti jẹ ẹran líle kẹ́yìn. Abẹ́rẹ́ fi dátà tó máa ń rà sórí fóònù rẹ̀ sílẹ̀. Ó dùn ún o, ṣùgbọ́n ó mọ ohun tó wà nílẹ̀. Owó ìdánwò àṣekágbá rẹ̀ kò tíì pé, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ló sì kù kí wọ́n pa ìforúkọsílẹ̀ dé. Ẹni tí kò bá tíì san án nígbà náà, ó di ọdún tó ń bọ̀.

Ìyá wá fi òfin kan lélẹ̀. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ẹnì kan nínú wọn ni yóò jẹ́ akápò ilé. Òun ni yóò máa ra gbogbo ohun tí ilé ń lò, láti orí ọṣẹ dé orí òwú ìránṣọ, ohun tó bá sì ṣẹ́ kù lọ́jọ́ Àbámẹ́ta yóò wọ inú agolo owó ìdánwò. Obìnrin náà mọ ohun tó ń ṣe. Ẹni tí kò bá tíì di owó ilé mú rí kò lè mọ bó ṣe ń yọ́ lọ.

Ká sòótọ́, bí wọ́n bá ń wá ẹni tó mọ owó ṣún ná, kí wọ́n má wulẹ̀ wá a kọjá ilé yẹn. Abẹ́rẹ́ a máa wo ìyá rẹ̀ bí ẹni ń wo pidánpidán. Bí kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì bàbá bá gbó, ìyá á tú u, á yí inú rẹ̀ síta, á tún un rán, ṣẹ́ẹ̀tì á sì di tuntun. Àjákù aṣọ tí àwọn aránṣọ mìíràn ń fi nu ilẹ̀, ìyá á tò ó pọ̀ di aṣọ ìbora. Síbẹ̀, kò sí ọjọ́ tí ilé náà jọ ilé ahun. Àlejò tó bá wọlé á mu tíì, ṣúgà á sì wà nínú rẹ̀.

Bàbá ló kọ́kọ́ jẹ akápò. Ohun tó ṣẹ́ kù lọ́wọ́ rẹ̀ kò tó nǹkan, nítorí kò mọ̀ pé wọ́n ń ná ẹ̀wà. Ti Ìyá Àgbà tó tẹ̀ lé e jẹ́ ìlọ́po mẹ́ta tiẹ̀. Ńṣe ni ìyá náà jókòó ti oníẹ̀wà títí tónítọ̀hún fi dín owó kù kó lè dìde lọ. Láti ọjọ́ náà, kò jẹ́ kí bàbá gbádùn. Ọ̀rọ̀ yìí ló wọ Abẹ́rẹ́ lára. Ó pinnu pé tòun yóò ju ti gbogbo wọn lọ.

Ọ̀sẹ̀ tirẹ̀ bọ́ sí àkókò tí iṣẹ́ ńlá kan wọlé. Ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan fẹ́ ogójì ṣẹ́ẹ̀tì funfun, tí wọn yóò fi òwú búlúù rán etí kọ́là àti àpò rẹ̀. Owó iṣẹ́ yìí ni yóò mú owó ìdánwò pé. Ìyá ní kí Abẹ́rẹ́ lọ ra òwú náà lọ́wọ́ Ìyá Olówùú, ẹni tí òun ti ń bá rajà láti ọdún mẹ́tàlá. Abẹ́rẹ́ kò tíì débẹ̀ tó fi pàdé ọkùnrin kan tó kó òwú sínú ọmọlanke, tó ń tà á ní ìdá kan nínú mẹ́ta iye tí Ìyá Olówùú ń tà á. Òwú náà ń dán. Abẹ́rẹ́ fà á, kò já. Inú rẹ̀ dùn, ó ra gbogbo èyí tí wọ́n nílò.

Nígbà tó délé, ó ní ọwọ́ Ìyá Olówùú lòun ti rà á, òun kàn mọ̀ ọ́n ná ni.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, owó tó ṣẹ́ kù lọ́wọ́ rẹ̀ borí ti bàbá àti ti Ìyá Àgbà lápapọ̀. Bàbá dìde, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí i bí ẹni ń kí ọba, gbogbo ilé sì pàtẹ́wọ́. Orí Abẹ́rẹ́ wú gan-an.

Ní ọjọ́ Ajé, ṣẹ́ẹ̀tì ogójì ti parí. Ìyá ní àṣà kan tó kọ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́. Kò ní gbé iṣẹ́ púpọ̀ fún oníbàárà láìjẹ́ pé ó mú ẹyọ kan nínú rẹ̀, tó fọ̀ ọ́, tó sì lọ̀ ọ́ wò. Abẹ́rẹ́ ní kí wọ́n fi ìyẹn sílẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí, ọṣẹ ti wọ́n. Ìyá rẹ́rìn-ín, ó rẹ ṣẹ́ẹ̀tì kan sínú omi. Nígbà tó máa fi yọ ọ́, àwọ̀ búlúù ti ṣàn láti ara òwú dé igbáàyà ṣẹ́ẹ̀tì.

Ìyá fa ìborùn rẹ̀ yọ lára ìṣó, ó ká ṣẹ́ẹ̀tì tútù náà mọ́wọ́, ó ń lọ sẹ́nu ọ̀nà. Ó ní Ìyá Olówùú ti já òun kulẹ̀, pé lẹ́yìn ọdún mẹ́tàlá, òun ò ní bá a rajà mọ́ láyé.

Bí Abẹ́rẹ́ bá dákẹ́, ìyá méjì tó mọwọ́ ara wọn yóò jà lórí ohun tí ọ̀kan kò mọwọ́ mẹsẹ̀ nínú rẹ̀. Bó bá sọ̀rọ̀, oyè akápò wọmi.

"Màámi, ẹ má lọ," ló wí. "Kì í ṣe ọwọ́ wọn ni mo ti rà á. Ọlọ́mọlanke kan ló tà á fún mi. Mo parọ́ fún yín."

Ìyá padà, ó jókòó. "Ṣé owó tá a pàtẹ́wọ́ fún nìyẹn?"

"Òun ni, mà."

Abẹ́rẹ́ ń retí ìbínú, ì bá tilẹ̀ tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ṣùgbọ́n ohùn ìyá kò lọ sókè. "Ọ̀wọ́n là ń ra ògo, ọ̀pọ̀ là ń ra ọ̀bùn," ló wí. "Ṣí agolo yẹn, kó o mú owó tó o fi sí i, lọ ra òwú tí mo rán ọ. Kó o ra bíléèdì pẹ̀lú. A máa tú gbogbo ẹ̀."

Ọjọ́ Ẹtì ni ìforúkọsílẹ̀ ìdánwò yóò parí. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ìyá mú Abẹ́rẹ́ lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá ilé ìwé tó ni àwọn ṣẹ́ẹ̀tì náà. Kò dárúkọ ọmọ rẹ̀, kò sì di ẹ̀bi ru ọlọ́mọlanke. Ó ní àṣìṣe ti inú ilé òun wá, òwú tí àwọn fi rán aṣọ kò dára, àwọn ń tú u. Abẹ́rẹ́ sorí kọ́, ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lákínyẹmí ara. Ọ̀gá náà ní aránṣọ kan ti ṣe irú rẹ̀ fóun rí, ara àwọn ọmọ lòun ti wá rí i. Ó fún wọn di àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì.

Báyìí ni gbogbo ilé pawọ́ pọ̀. Bàbá ń tú kọ́là bó bá ti ibi iṣẹ́ dé. Ìyá Àgbà tí ojú rẹ̀ kò ríran tó mọ́ ń fi ìka ṣa fọ́nrán òwú kúrò. Bíléèdì ya Abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kò ké. Ìyá ló sì ń tún gbogbo rẹ̀ rán, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò kúrò lórí maṣíìnì, ó sì rán tuntun dípò ṣẹ́ẹ̀tì tó ba jẹ́. Ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, wọ́n tún fọ ẹyọ kan wò. Ó funfun báláú.

Ọ̀gá ilé ìwé sanwó lọ́jọ́ Ẹtì, Abẹ́rẹ́ sì sáré lọ san owó ìdánwò rẹ̀ kí wọ́n tó ti ọ́fíìsì. Ó bá wọn níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bàbá ló wá sọ fún un nígbà tó ṣe pé ìyá ti ń fọkàn sí i pé èrè iṣẹ́ náà yóò ra mọ́tò kékeré tó ń yí maṣíìnì, kí ẹsẹ̀ òun lè sinmi. Òwú tuntun àti ọjọ́ mẹ́rin tí ìyá kò fi ṣe iṣẹ́ mìíràn ti gbé èrè náà lọ. Lọ́jọ́ yẹn ni Abẹ́rẹ́ sunkún.

Nígbà tí oyè akápò tún kàn án, ó lọ tààrà sọ́dọ̀ Ìyá Olówùú. Ó rẹ òwú sómi, ó fi í nu áńkáṣíìfù funfun, ó wò ó dáadáa kó tó sanwó. Ó rìn padà wálé jẹ́jẹ́. Ohun tó ṣẹ́ kù lọ́jọ́ Àbámẹ́ta kò tó ti Ìyá Àgbà, ìyá náà kò sì jẹ́ kó gbádùn. Abẹ́rẹ́ ní kí wọ́n fi í ṣe owó mọ́tò màámi.

Ìyá mú owó náà, ó yí i wò lọ́wọ́. "Èyí kéré," ló wí, "ṣùgbọ́n ó ṣẹ́ kù lóòótọ́."

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ohun tí Abẹ́rẹ́ kọ́ nìyí. Ẹni tó mọ owó ṣún ná kọ́ ni ẹni tó ń ra ohun tó pọ́ọ́kú jù lọ lọ́jà. Ẹni tó ń yẹ ohun tó fẹ́ rà wò ni, tó mọ èyí tí ilé lè fi sílẹ̀ àti èyí tí ilé kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ dín kù, tí kò sì ní tìtorí ìyìn purọ́ fún àwọn tí wọ́n jọ ń jìyà.