Ìlà Kan Ṣoṣo Ló Wà Nílé

Ọjọ́ tí obìnrin aránṣọ kan kọ́kọ́ fojú kan Jẹ́jẹ́, ìbínú ló gbé e wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ó gbé kọ̀ǹpútà lọ́wọ́ bí ẹni gbé ọmọ tó ń ṣàìsàn, ó sì gbé e kalẹ̀ sórí tábìlì gbàà.

"Ẹ̀yin lẹ ń tún kọ̀ǹpútà ṣe?"

"Èmi ni. Ẹ rọra, ẹ jọ̀ọ́. Kò ṣẹ̀ yín."

"Ó ṣẹ̀ mí! Ìwọ̀n aṣọ gbogbo oníbàárà mi ló wà nínú ẹ̀. Láti ìjẹta, á tàn, á kú, á tàn, á kú. Ṣé iná ìjọba ni?"

Ọkùnrin náà fa kọ̀ǹpútà sún mọ́ra. Jẹ́jẹ́ ni gbogbo àdúgbò ń pè é, torí kò sí ohun tó ń kán an lójú láyé yìí. Bí ilé bá ń jó, á kọ́kọ́ wá bàtà ẹ̀. Ó tú ẹ̀yìn ẹ̀rọ náà, ó yọjú wo inú rẹ̀, ó wá fi ìka méjì fa nǹkan kan yọ níbẹ̀.

"Òwú," ó ní. "Òwú ìránṣọ ló dí fáànù ẹ̀. Ẹ ti ń wọṣọ fún un."

Aránṣọ fẹ́ bínú sí i, ẹ̀rín ló jáde. Ibi ẹ̀rín yẹn ni gbogbo rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

Láti ọjọ́ náà, kọ̀ǹpútà aránṣọ ò yéé bàjẹ́. Bí kò tiẹ̀ bàjẹ́, á ní ó bàjẹ́. Nígbà tí fáírọ́ọ̀sì wá wọ̀ ọ́ lóòótọ́, Jẹ́jẹ́ nu gbogbo inú rẹ̀ kúrò, ó fi Linux, ètò ọ̀fẹ́ tó ń darí kọ̀ǹpútà, sí i. Ó ní Linux ò ní kí ẹnikẹ́ni jí òun lò, òun ò sì lè fi ohun tí wọ́n jí gbé sínú ẹ̀rọ ẹni tí òun fẹ́ràn.

"Ta lẹ fẹ́ràn?" aránṣọ bi í.

Jẹ́jẹ́ wo ilẹ̀, ó wo òkè àjà. "Ẹ̀yin ni," ó ní.

Bó ṣe di pé wọ́n ń pe ara wọn ní ìwọ nìyẹn.

Wọn ò tíì gbádùn ara wọn tẹ́rùn tí iṣẹ́ fi dé láti òkè òkun. Ilé-iṣẹ́ kan fẹ́ kí Jẹ́jẹ́ wá máa tọ́jú àwọn kọ̀ǹpútà wọn fún ọdún kan. Inú aránṣọ bàjẹ́, ṣùgbọ́n kò ní kó má lọ. Ìyá rẹ̀ ló sọ̀rọ̀ sí i.

"Ọkùnrin tó wà lókè òkun, ohùn lásán ni," Màmá ní. "Ohùn ò lè bá ẹ gbé omi, ọmọ mi."

Kí Jẹ́jẹ́ tó lọ, ó gbé kọ̀ǹpútà náà wá sí pálọ̀ Màmá, níbi tí aránṣọ ń gbé, ó sì fi wáyà kan so ó mọ́ ibi tí fóònù wà. Ìlà fóònù kan ṣoṣo ló wà nílé náà, orí rẹ̀ náà ni íńtánẹ́ẹ̀tì máa gbà wọlé.

"Ojoojúmọ́ la ó máa kọ̀wé síra wa," ó ní. "Wàá jí láàárọ̀, wàá bá ọ̀rọ̀ mi níbẹ̀." Ó di ọwọ́ aránṣọ mú títí tí mọ́tò fi fun fèrè lẹ́ẹ̀kejì.

Ṣùgbọ́n àṣìṣe ti wà nílẹ̀. Módẹ̀mù, ohun tó máa ń bá kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀ lórí fóònù, Jẹ́jẹ́ ní tirẹ̀ tó dá dúró lórí tábìlì ní ṣọ́ọ̀bù. Òun ló fi dán ẹ̀rọ aránṣọ wò, ó gbà, ó ní ó parí. Kò wo èyí tó wà nínú ẹ̀rọ náà gan-an. Ọkùnrin tí kì í kánjú, ìfẹ́ mú un kánjú.

Ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́ tó débẹ̀, ó pè.

"Kò dáhùn," aránṣọ ní. "Mo tẹ gbogbo ohun tó o ní kí n tẹ̀. Ó kàn ń wò mí."

Jẹ́jẹ́ ní kó ka ohun tó wà lójú ẹ̀rọ fún òun. Ó kà á. Jẹ́jẹ́ mí kanlẹ̀.

"Olùfẹ́ mi, èmi ni mo jẹ̀bi. Irú módẹ̀mù tó wà níbẹ̀ yẹn ò ní ọpọlọ tiẹ̀. Kọ̀ǹpútà ló gbọ́dọ̀ máa bá a ronú, dráífà ló sì máa kọ́ kọ̀ǹpútà bó ṣe máa ṣe é. Àwọn tó ṣe é ò rántí Linux rárá."

"Níbo la ti máa rí dráífà ọ̀hún?"

"Orí íńtánẹ́ẹ̀tì ló wà."

"Kí ni mo máa fi dé orí íńtánẹ́ẹ̀tì?"

"Módẹ̀mù."

Ẹ̀rín wá bú lẹ́ẹ̀kan náà níhìn-ín àti lọ́hùn-ún, Màmá sì yọjú láti yàrá pé ta ló ń fi owó fóònù rẹ́rìn-ín.

Jẹ́jẹ́ fi dísìkì ránṣẹ́. Dráífà wà nínú ẹ̀, ṣùgbọ́n Linux tó dàgbà ju ti aránṣọ lọ ni wọ́n ṣe é fún, wọn ò bára mu, bíi síìpù tí eyín rẹ̀ ò wọnú ara wọn. Ó tún fi òmíràn ránṣẹ́. Ní gbogbo ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, á pè, á máa ka ohun tí aránṣọ máa tẹ̀ sójú dúdú ẹ̀rọ yẹn fún un. "Ẹyin ojú mi, lẹ́tà kékeré ni gbogbo ẹ̀. Fi àyè sílẹ̀. Tẹ̀ ẹ́ wẹ́rẹ́."

Tó bá tẹ̀ ẹ́ tán, ibẹ̀ ni wàhálà wà. Jẹ́jẹ́ gbọ́dọ̀ gé fóònù kí módẹ̀mù tó lè ráàyè gbìyànjú, torí bí èèyàn bá wà lórí ìlà, módẹ̀mù ò lè lò ó. Bí módẹ̀mù bá sì wà níbẹ̀, ẹni tó bá pè, tùù tùù lásán ló máa gbọ́. Jẹ́jẹ́ á gé e, aránṣọ á dán an wò, kò ní gbà. Á wá jókòó ti fóònù, á máa wò ó, kí ó tó dún padà. Àárò ọkùnrin yìí sọ ọ́ débi pé nígbà míì ó máa ń gbé fóònù tí kò dún sétí.

Bí àsìkò ti ń lọ, ojú dúdú yẹn ò dẹ́rù bà á mọ́. Dráífà wọlé níkẹyìn. Ohun tó kù ni pé módẹ̀mù ń sọ pé òun ò gbọ́ ohùn ìlà, òun ò sì ní pe ẹnikẹ́ni àfi tí òun bá gbọ́ ọ. Jẹ́jẹ́ gbìyànjú, ó sú u. Ọ̀sán ọjọ́ kan tí aránṣọ ń rán bọ́tìnnì mọ́ ṣẹ́ẹ̀tì, ó gbé fóònù sétí, ó tẹ́tí sílẹ̀ dáadáa. Ìlà tiwọn kì í dún gbọọrọ. Ó ń dún, ó ń já. Àbí irú ohùn tí ẹ̀rọ yìí mọ̀ kọ́ ni? Ó ju ṣẹ́ẹ̀tì sílẹ̀, ó wá inú àlàyé tó wà nínú Linux fúnra rẹ̀, ó rí àṣẹ kan tó ń sọ fún módẹ̀mù pé kó má dúró de ohùn kankan, kó sáà pè. Ó tẹ̀ ẹ́.

Módẹ̀mù pè. Ó han, ó kùn, ó ké fíì, bí ológbò méjì tó ń jà nínú agolo. Lẹ́yìn náà, gbogbo rẹ̀ dákẹ́. Ó ti wọlé.

Aránṣọ fò sókè, ó pàtẹ́wọ́. Àyà rẹ̀ wá já. Bí Jẹ́jẹ́ bá ti ń kọ̀wé lójoojúmọ́, kí ni yóò tún máa pè fún? Fóònù wọ́n, òun náà mọ̀. Bó ṣe máa ń mí kó tó sọ̀rọ̀, bó ṣe ń pè é ní ẹyin ojú mi, ìyẹn ò lè gba inú módẹ̀mù wá. Ó nawọ́, ó pa á.

Ẹ má tíì bú u o. Ẹni tí olólùfẹ́ rẹ̀ wà nítòsí ò lè mọ̀.

"Ṣé ó gbà?" Jẹ́jẹ́ bi í lọ́jọ́ Àìkú.

"Kò gbà o."

Jẹ́jẹ́ tún ka nǹkan míì fún un, ó ní kó lọ dán an wò, ó gé fóònù. Aránṣọ káwọ́ lé itan, kò fọwọ́ kan nǹkan kan, títí fóònù fi dún padà. "Kò tún gbà." Bó ṣe ń ṣe é nìyẹn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Inú rẹ̀ ń dùn, ẹ̀rí ọkàn rẹ̀ ń jẹ ẹ́.

Ọjọ́ Àìkú kan wá dé tí ohùn Jẹ́jẹ́ yàtọ̀.

"Ẹyin ojú mi, fi ẹ̀rọ yẹn sílẹ̀. Má wulẹ̀ yọra ẹ lẹ́nu mọ́."

"Kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Iṣẹ́ mi fẹ́ parí níbí. Ọ̀gá mi ní tí mo bá lè fi hàn án pé mo lè máa tọ́jú àwọn ẹ̀rọ wọn láti ilé, lórí ìlà fóònù lásán, kí n máa bọ̀ nílé, iṣẹ́ ò ní bọ́ lọ́wọ́ mi. Tí kò bá ṣeé ṣe, kí n fọwọ́ sí ọdún méjì sí i. Ẹ̀rọ àti ìlà tó wà ní pálọ̀ yín ni mo fẹ́ fi hàn án. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n dúró, wọ́n dúró títí ó fi sú wọn. Mo fọwọ́ sí i lọ́jọ́ Ẹtì."

Aránṣọ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ tòun ti fóònù.

"Ó ti gbà," ó ní.

"Kí ló gbà?"

"Módẹ̀mù. Ó ti ń gbà tipẹ́. Irọ́ ni mò ń pa fún ẹ."

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Òtítọ́ aránṣọ bá irọ́ rẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọjọ́ Ẹtì ti kọjá.

"Kí ni mo ṣe fún ẹ tó o fi purọ́ fún mi?" Kò pariwo. Ó sàn kó tiẹ̀ pariwo.

"Tó bá gbà, o ò ní pè mí mọ́. Ohùn ẹ nìkan ni mo ní." Ẹkún gbọ̀n ọ́n. "Ìwọ náà, kí ló dé tí o ò sọ fún mi pé bíbọ̀ ẹ ló so mọ́ ọn?"

"Mi ò fẹ́ kó o gbọ́kàn lé ohun tó lè má ṣẹlẹ̀. Mo rò pé mò ń ṣàánú ẹ ni."

Màmá ló jáde láti yàrá, ó na ọwọ́.

"Gbé e fún mi." Ó gba fóònù, ó wú ikọ́. "Ọkọ ọmọ mi."

Kò pè é bẹ́ẹ̀ rí.

"Ẹ̀yin méjèèjì gọ̀, èmi tí mo bí ọ̀kan nínú yín ò sì gbọ́n jù yín lọ. Mo wà lẹ́yìnkùlé lọ́jọ́ tí ẹ̀rọ yìí ké. Mo mọ̀ pé ó ti gbà, mo panu mọ́. Òun nìkan ni mo bí. Mo ní bí ìwọ bá wà lọ́hùn-ún, tí òun wà níbí, kò sẹ́ni tó máa gbà á lọ́wọ́ mi. Ṣé wọ́n ń fún yín nísinmi níbẹ̀?"

"Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, Mà, kí n tó tún bẹ̀rẹ̀."

"Wá lò ó níbí. Wá fẹ́ ọmọ mi bó ṣe yẹ kí wọ́n fẹ́ ọmọ, kó o sì mú un dání lọ. Ojú lọ̀rọ̀ wà."

"Màmá, ẹ̀yin ńkọ́?" aránṣọ ké. "Ta lẹ ó máa bá gbé?"

"Ṣé èmi ni mò ń lọ sílé ọkọ ni?" Màmá ní, ó sì yíjú sí ògiri.

Jẹ́jẹ́ dé, ó sáré láti ẹnu géètì dé inú pálọ̀, ó gbá aránṣọ mọ́ra, kò sì jẹ́ kó lọ. Aránṣọ rán aṣọ ìgbéyàwó rẹ̀ fúnra rẹ̀, Màmá ló ṣẹ́tí rẹ̀. Lẹ́yìn ìgbéyàwó, tọkọtaya mú Màmá jókòó síwájú kọ̀ǹpútà, wọ́n kọ́ ọ bó ṣe máa mú módẹ̀mù pè, ibi tó ti máa ka ọ̀rọ̀, ibi tó ti máa kọ ọ́. Màmá ń fi ìka kan wá lẹ́tà bí ẹni ń ṣa òkúta nínú ìrẹsì. "Mo ti mọ̀ ọ́n," ó ń sọ. "Ẹ máa lọ, ọkọ̀ ò ní dúró dè yín."

Yàrá méjì ni wọ́n ń gbé lókè òkun. Aránṣọ ń kọ̀wé sí Màmá lójoojúmọ́, kò rí èsì. Tó bá pè é, Màmá á ní ẹ̀rọ ò tíì fẹ́ràn òun, kí ó má fi owó fóònù ṣòfò. Ṣùgbọ́n ọ̀sán ọjọ́ kan, Jẹ́jẹ́ kígbe pé, "Ìyàwó mi, wá wò!"

Ọ̀rọ̀ Màmá ló wọlé. "ọmọ mi. ẹ̀rọ yín gbà. mo ti ka gbogbo èyí tó o kọ, mo tún un kà. ó dáa. ṣùgbọ́n pè mí. ohùn ẹ ni mo fẹ́. owó yòówù kó jẹ́, pè mí. mo ti jókòó ti fóònù báyìí, mò ń dúró."

Aránṣọ fò mọ́ fóònù, ó tẹ nọ́ńbà ilé.

Tùù, tùù, tùù.

"Ta ló ń bá sọ̀rọ̀?" ó bi Jẹ́jẹ́. Ó tún tẹ̀ ẹ́. Tùù, tùù.

Jẹ́jẹ́ gbọ́wọ́ lé orí. "Módẹ̀mù ló wà lórí ìlà. Màmá ò tíì jáde." Ó wo ìyàwó rẹ̀. "A kọ́ wọn bí wọ́n ṣe máa wọlé. A ò kọ́ wọn bí wọ́n ṣe máa jáde."

Ó kọ̀wé kíákíá pé, Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pa á. Ṣùgbọ́n ta ni yóò kà á? Aránṣọ mọ bí ìyá rẹ̀ ṣe máa jókòó. Ó ti kẹ̀yìn sí kọ̀ǹpútà, ó kọjú sí fóònù, ó gbọ́wọ́ lé e, kó má bàa dún ju ẹ̀ẹ̀kan lọ kó tó gbé e.

Ẹ̀rín gbé aránṣọ, kò sì mọ ìgbà tó di ẹkún. Jẹ́jẹ́ wá jókòó tì í, ó fọwọ́ gbá a mọ́ra.

Aránṣọ gé fóònù. Ó tún tẹ nọ́ńbà ilé.