Kóòtù Tí A Fi Ọwọ́ Òsì Rán

Apá méjèèjì ni ọkùnrin kan kọ́kọ́ rí. Wọ́n nà sókè láàárín àwọn aṣọ tó so rọ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù. Orí kò sí, ojú kò sí. Gáùn aláwọ̀ sánmà kan ti gbé wọn mì.

"Ẹ jọ̀ọ́," ohùn kan wí láti inú gáùn náà, "ẹ má rẹ́rìn-ín."

"Mi ò rẹ́rìn-ín."

"Mò ń gbọ́ ẹ̀rín yín níbí."

"Ẹ ṣáà má fà á. Aṣọ yẹn dàgbà jù yín lọ. Ẹ bọ̀wọ̀ fún un."

Ọkùnrin náà tú ìkọ́ méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìbàdí, ó rọra gbé gáùn náà sókè. Ojú obìnrin kan yọ. Ó ti làágùn. Yẹtí rẹ̀ kan há sí ọrùn aṣọ. Ọkùnrin náà kò rẹ́rìn-ín mọ́.

Òun ló ni ṣọ́ọ̀bù náà. Aṣọ àtijọ́ ló ń tà. Ó ń rà á lọ́wọ́ àwọn tí òbí wọn ti kú tàbí tí ilé wọn ti kún, á fọ̀ ọ́, á tún un rán, á fi kọ́. Tíṣà ni obìnrin náà. Ó wá sí ìlú ńlá náà fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọlọ́jọ́ márùn-ún. Ọjọ́ kejì nìyẹn.

Kò ra gáùn náà. Ṣùgbọ́n bó ṣe ń lọ sẹ́nu ọ̀nà, ó fọwọ́ kan kóòtù aláwọ̀ eérú kan, ó sì dúró. Ó yí inú rẹ̀ síta. Wọ́n fi ọwọ́ rán aṣọ inú mọ́ ọn, gbogbo ipa abẹ́rẹ́ sì tẹ̀ sí apá òsì.

"Bàbá mi ló rán èyí," ó wí.

"Báwo lẹ ṣe mọ̀?"

"Ọwọ́ òsì ni wọ́n fi ń ránṣọ. Ìyá wọn nà wọ́n títí ní kékeré. Ọwọ́ náà ò gbọ́."

Abẹ́ abíyá kóòtù náà ti ya. Ó san owó rẹ̀, ó ní kí ọkùnrin náà bá òun dí i kí òun tó padà sílé.

"Ọjọ́ mẹ́ta," ọkùnrin náà wí.

"Ọjọ́ mẹ́ta fún ihò kan? Bàbá mi á ti rán ṣòkòtò mẹ́ta."

"Ẹ kúkú gbé e fún wọn."

Obìnrin náà wolẹ̀. "Mi ò lè gbé e fún wọn."

Ìdí rẹ̀ nìyí. Ọgbọ̀n ọdún ni bàbá rẹ̀ fi ránṣọ fún àwọn ará ìlú wọn. Nígbà tó yá, àwọn èèyàn yí sí àlòkù, wọn kò wá mọ́. Bàbá náà fi aṣọ bo ẹ̀rọ rẹ̀, ó sì búra pé àlòkù kan kò ní wọ ilé òun, ẹni tó ń tà á kò sì ní wọ ibẹ̀. Ojú rẹ̀ ti di bàìbàì báyìí. Ìyàwó rẹ̀ ti kú. Ọmọ kan ṣoṣo yìí ló ní.

Lójoojúmọ́, tí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ bá parí lọ́sàn-án, tíṣà á yà sí ṣọ́ọ̀bù náà. Á jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ dígí. Ọkùnrin náà á sọ ìtàn ẹni tó ni aṣọ kọ̀ọ̀kan fún un.

"Irọ́ lẹ ń pa," ni tíṣà máa ń wí.

"Díẹ̀ ni."

Ní ọjọ́ kẹrin tíṣà rí aṣọ tí ọkùnrin náà fi di àtàǹpàkò ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀.

"Kí ló ṣe yín lọ́wọ́?"

"Abẹ́rẹ́ ló bínú sí mi."

Ọmọ télọ̀ ni. Ó yẹ kó mọ̀ pé ọwọ́ òsì ni abẹ́rẹ́ máa ń gún ẹni tó ń fi ọ̀tún ránṣọ. Kò fura. Kì í ṣe àtàǹpàkò ló ń wò.

Ní ọjọ́ karùn-ún ọkùnrin náà gbé kóòtù lé e lọ́wọ́. Tíṣà wá ihò náà títí, kò rí i. Wọ́n jọ rìn dé ibùdókọ̀.

"Gáùn tó há yín lọ́rùn yẹn," ọkùnrin náà wí, "mi ò ní tà á mọ́."

"Kí lẹ fẹ́ fi ṣe?"

"Màá máa wò ó."

Ọdún kan kọjá. Wọ́n ń pe ara wọn lórí fóònù. Ó ń wá kí i nílé ẹ̀kọ́ ní ọjọ́ Sátidé. "Ẹ" di "o". "Tíṣà" di "Tíṣà mi". Kóòtù náà wà lábẹ́ ibùsùn tíṣà, níbi tí bàbá kì í dé.

Ọkùnrin náà lọ kí bàbá. Bàbá béèrè iṣẹ́ tó ń ṣe. Kò purọ́. Bàbá dìde, ó wọ yàrá, ó ti ilẹ̀kùn.

Nígbà kejì, ojú fèrèsé ni bàbá ti dá a lóhùn. "Ẹni tó lé mi kúrò nídìí ẹ̀rọ mi kò ní fẹ́ ọmọ mi."

Tíṣà sin ín dé ìta. "Bàbá ò ní ẹlòmíì," ó wí. "Bí wọn ò bá gbà, mi ò lè wá."

"Mi ò ní kí o já wọn jù sílẹ̀. Ẹni tó bá já bàbá jù sílẹ̀, á já ọkọ náà."

"Ó ti parí nìyẹn?"

"Màá wá dágbére fún wọn. Wọn ò ṣẹ̀ mí."

Ó wá lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Ó dúró síta lẹ́nu ilẹ̀kùn tó ṣí sílẹ̀, kò wọlé. "Bàbá, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Mo wá dágbére ni. Mi ò ní yọ yín lẹ́nu mọ́."

Tíṣà wọ yàrá. Nígbà tó jáde, kóòtù náà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gbé e lé bàbá rẹ̀ lórí itan.

Ìka bàbá náà rìn lórí kọ́là, ó rìn dé èjìká, ó dúró.

"Kóòtù akọ̀wé nì," ó wí. "Èjìká rẹ̀ kan rẹlẹ̀. Mo fi òwú gbé e sókè kó má bàa hàn." Ó mí kanlẹ̀. "Níbo lo ti rí i?"

"Ṣọ́ọ̀bù àlòkù ni, bàbá."

Ojú rẹ̀ yí. Ṣùgbọ́n ìka rẹ̀ ti wọ inú kóòtù. Ó dé abẹ́ abíyá. Ó padà síbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

"Ibí yìí ti ya rí. Ó tẹ̀ sí òsì bíi tèmi. Ṣùgbọ́n kì í ṣe èmi. Ta ló rán an?"

"Èmi ni, bàbá," ọkùnrin náà wí láti ìta.

"Ọwọ́ òsì nìwọ náà ń lò?"

"Rárá, sà. Ọ̀tún ni."

Tíṣà yíjú, ó wo àtàǹpàkò ọkùnrin náà.

"Kí ló wá dé?" bàbá béèrè.

"Mi ò fẹ́ kí àjèjì wà lára iṣẹ́ yín. Mo fi òsì rán an, mo tú u lẹ́ẹ̀mẹfà kó tó jọ ọ́."

Bàbá tún fi ìka tọ ojú rírán náà.

"Mo rò pé gbogbo aṣọ tí mo rán ti di ìnulẹ̀."

"Ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n sá sí, bàbá. Àwọn tó dáa kì í gbó bọ̀rọ̀."

"Ọjọ́ mélòó ló gbà ẹ́?"

"Mẹ́ta, sà."

"Iṣẹ́ wákàtí kan! Ọwọ́ ẹ ò yá rárá." Ó ká kóòtù náà, kò gbé e sílẹ̀. "Wọlé. Ta ló ní kó o dúró síta? Àga ń bẹ."

Ní oṣù kẹta lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n ṣe ìgbéyàwó, pẹ̀lú èèyàn díẹ̀. Gáùn aláwọ̀ sánmà nì ni tíṣà wọ̀. Bàbá àti ọkọ ló jọ tú ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ láti fẹ̀ ẹ́. Bàbá rán òsì, ọkọ rán ọ̀tún. Wọ́n jà lórí òwú fún ọjọ́ méjì.

Kí bàbá tó fa ọmọ rẹ̀ lé ọkọ lọ́wọ́, ó fi ìka tọ ẹ̀gbẹ́ gáùn náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó tọ tirẹ̀. Ó tọ ti ọkọ.

"Tìẹ náà dúró," ó wí.

Ó wá di ọwọ́ ọmọ rẹ̀ mú, ó fi í sọ́wọ́ ọkọ. Ọwọ́ òsì ló fi ṣe é. Kò sẹ́ni tó bá a wí.