Ojú Lédì Arabella

Igbe Ìyá Tuckett, alásè ilé Wexcombe, ló kó gbogbo ilé jọ sí yàrá ìjẹun láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ẹnì kan ti gé ojú Lédì Arabella lọ.

Ó ti tó ọgọ́sàn-án ọdún tí wọ́n ti ya àwòrán ìyá ńlá àwọn Pelling yìí. Aṣọ ṣẹ́dà rẹ̀ ṣì ń dán, ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lórí ajá kékeré kan, ṣùgbọ́n láti àgbọ̀n dé iwájú orí, ihò ló kù.

Nígbà tí Ìnsípẹ́kítọ̀ Enoch Garside wọlé, tí yìnyín ṣì wà léjìká rẹ̀, kò rí ẹni kí i káàárọ̀. Lédì Drusilla Pelling, opó Sà Ambrose tó kú láìpẹ́, nàka sí ọ̀dọ́mọbìnrin kan tó dá dúró lẹ́bàá fèrèsé.

"Mú un kí o máa lọ. Hester Crale nìyẹn, ọmọ ìránṣẹ́ tó ní ọkọ mi ló bí òun."

"Òun ló bí mi," Hester dáhùn. "Ó sọ ọ́ lójú lọ́yà kó tó kú."

"Àìsàn ló ń sọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀!"

Garside wo ọmọbìnrin náà dáadáa. Ìpéǹpéjú òsì rẹ̀ wálẹ̀ ju ti ọ̀tún lọ, bí ẹni tí oorun ń kùn. Ó yíjú sí alásè.

"Ìyá Tuckett, báwo ni ojú tí wọ́n gé lọ yìí ṣe rí?"

Obìnrin náà kọ́kọ́ wo ojú Lédì. "Ìpéǹpéjú òsì rẹ̀ wálẹ̀, sà. Bíi... bíi ti ẹni tí ẹ ń wò yẹn."

"Tuckett!" Lédì jágbe mọ́ ọn.

"Lọ́yà ń bọ̀ lọ́sàn-án yìí láti wá fi ojú méjèèjì wéra kó tó pín ogún," ni Hester wí.

Lucian, ọmọ kan ṣoṣo tí Lédì bí, bú sẹ́rìn-ín. "Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ? Lánàá, nídìí oúnjẹ, Hester búra pé òun á fa gbogbo wa ya. Ìnsípẹ́kítọ̀, kí lẹ tún ń wá?"

"Máa rẹ́rìn-ín, Lucian," ni Hester dá a lóhùn. "Ẹni tó bá da eérú ni eérú ń tọ̀."

Garside gun àga, ó fọwọ́ kan àwòrán. Ìka rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ọn.

"Fáníìṣì tó ń mú àwòrán dán ni, sà," Ìyá Tuckett sọ. "Ìrọ̀lẹ́ àná ni ọkùnrin tó ń tún un ṣe fi kùn ún. Kò tíì gbẹ."

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò náà, fọ́nrán òwú aláwọ̀ ewé kan ti há sínú fáníìṣì. Garside rọra yọ ọ́, ó fi pamọ́ sínú àpò ìwé.

Ilé náà tutù bí isà òkú, nítorí Lédì kì í jẹ́ kí wọ́n dá iná kan ṣáájú ọ̀sán. Òun fúnra rẹ̀ wé ìborùn méjì, Hester wọ kóòtù, alásè wọ súwẹ́tà. Lucian nìkan ló wà nínú ṣẹ́ẹ̀tì, eyín rẹ̀ sì ń gbá ara wọn.

"Ọ̀gbẹ́ni Pelling, òtútù ò mú yín ni?"

"Ara mi gbóná."

"Irọ́!" ni ìyá rẹ̀ gbà á lẹ́nu rẹ̀. "Ètè rẹ ti dúdú. Súwẹ́tà aláwọ̀ ewé tí mo hun fún ọ ńkọ́? Kò kúrò lọ́rùn rẹ láti Kérésìmesì. Àbí ìwọ náà ti ń pẹ̀gàn iṣẹ́ ọwọ́ mi?"

"Màmá, ẹ dákẹ́."

"Ta ni kó dákẹ́?"

Garside yọ òwú náà jáde. Ojú Lédì Drusilla bà lé e, ó sì fa ìborùn rẹ̀ mọ́ra.

"Ẹni tó ń lọ sílé ẹjọ́ kì í pa ẹlẹ́rìí ara rẹ̀," ni ọlọ́pàá náà wí. "Ojú yìí nìkan ni ẹ̀rí tí Hester ní, kí ló máa fi ọ̀bẹ kàn án fún? Ẹni tó gé e fi apá ti àwòrán kó má baà mì, fáníìṣì sì gbá apá aṣọ rẹ̀ mú. Ó ní láti bọ́ ọ pamọ́. Nínú ilé tó tutù báyìí, ẹnì kan ṣoṣo ló yàn láti máa gbọ̀n."

"Ẹlòmíràn lè wọ aṣọ mi!"

"Ó dáa. Ẹ gbé e wá ká wò ó."

Lucian kò mira. Garside fúnra rẹ̀ gòkè lọ. Abẹ́ ibùsùn Lucian ni súwẹ́tà náà wà, ojú Lédì Arabella sì wà ní wíwé sínú rẹ̀.

"Ká ní iná wà nílé yìí láàárọ̀ ni," Garside sọ bó ṣe tẹ́ ojú náà sórí tábìlì, "ẹ̀ bá ti sun ún."

Lédì Drusilla kò wo ojú náà rárá. Ọmọ rẹ̀ ló ń wò.

"Òpònú," ló wí.

Kò bi í léèrè ìdí tó fi ṣe é.

Nígbà tí Garside ti fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sí Lucian lọ́wọ́, Lédì kọjú sí Hester. "O ti rí ohun tí o ń wá. Gbé ojú rẹ, kí o jáde nílé mi."

"Èmi ò gbé e lọ síbì kankan. Wọ́n á tún un ṣe, wọ́n á sì gbé e kọ́ padà síbi tó wà, níwájú àga yín gan-an. Ẹ óò máa jẹun, yóò máa wò yín."

Lédì Drusilla na ọwọ́ sókè láti gbá a létí. Hester kò yẹ̀. Ọwọ́ náà dúró lókè títí tó fi já wálẹ̀ fúnra rẹ̀.