Omi Àlejò ní Áfẹ́níù Kẹrin

Ọjọ́ tí Olúgbóyèga kọ́kọ́ rí Bernice, irin gígùn tó fi ń ṣí omi àdúgbò ló gbé léjìká. Omi ò gun àjà kejì ilé wọn ní Fẹ́sítáàkì láti ìjẹta, lọmọbìnrin náà bá sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú korobá méjì. Ó rẹwà débi pé ẹyẹ tó ń fò lọ gbàgbé ibi tó ń lọ.

"Bọ̀dá, ṣé ẹ̀yin lẹ ti omi wa pa?"

"Èmi ni. Tí n ò bá tíì rẹ́rìn-ín láàárọ̀, gbogbo Amúwò ò lè wẹ̀."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè rẹ́rìn-ín. Mo fẹ́ẹ́ fọṣọ."

Bí ìfẹ́ ṣe wọlé nìyẹn. Kò pẹ́ tí Bóyè fi ṣàlàyé fún un bí omi ṣe ń ti orí tánkì sáré wọnú páìpù ńlá kan ṣoṣo, kó tó pín sí òpópó-òpópó. Ó ní òun lòun ya gbogbo ẹ̀ sórí ìwé. Ó sọ fún bàbá Bernice, Ọ̀gbẹ́ni Fọláyan, òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀, pé ẹnjiníà lòun, torí bàbá náà ti búra pé ọmọ òun ò ní fẹ́ púrúǹtù. Bẹ́ẹ̀ Bóyè ò mọ A yàtọ̀ sí B. Ká ṣí omi, ká ti omi, gbogbo iṣẹ́ ẹ̀ ò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ bọ́ sí Sátidé. Ní Fúráìdé, Bóyè ti omi òpópó wọn pa látàárọ̀ dalẹ́, kí tánkì lè kún, kómi lè gun òkè lọ́dọ̀ àna. Ọ̀gá ẹ̀ ti kìlọ̀ fún un títí: páìpù tó bá ṣófo, òǹgbẹ máa ń gbẹ ẹ́, ohun tó bá rí ni yóò mu.

Láàárọ̀ Sátidé, ó ṣí i. Omi gòkè dẹ̀rẹ̀dẹ̀rẹ̀. Ó wọ agbádá tuntun, ó ń lọ sílé àna, ló bá kọjá níbi tí páìpù ti sán díẹ̀ nínú gọ́tà. Gọ́tà tó kún lánàá ti gbẹ. Páìpù ti mu ún.

Tó bá sọ̀rọ̀, àṣírí tú, ó pàdánù Bernice. Tó bá dákẹ́, ìdọ̀tí ni wọn óò mu. Ọ̀nà kẹta ò sí.

Nígbà tó wọlé, àwọn ẹbí méjèèjì ti jókòó, omi tútù tí wọ́n fi ń kí àlejò ni Bernice ń gbé kiri. Ọ̀gbẹ́ni Fọláyan ti gbé ife sẹ́nu.

"Ẹ má mu ún, sà. Omi gọ́tà ti wọ̀ ọ́. Èmi ni mo fà á."

Bàbá náà bi í pé ẹnjiníà wo ló ń ṣe bẹ́ẹ̀.

"Mi ò kí ń ṣe ẹnjiníà, sà. Ẹni tó ń ṣí omi ni mí. N ò mọ̀wé."

Ìyá Bóyè fi gèlè bojú. Ọ̀gbẹ́ni Fọláyan nawọ́ sí ẹnu ọ̀nà.

Bóyè sọ̀ kalẹ̀, ó ń kanlẹ̀kùn ilé méjìlélógún tó wà ní òpópó náà lọ́kọ̀ọ̀kan láti kìlọ̀ fún wọn. Ilé kan ló tíì dé tí Bernice fi bá a, páálí àti ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́ ẹ̀, ó ní òun á máa kọ ọ́ síbẹ̀ fáwọn tí ò bá sí nílé.

"O parọ́ fún mi," ló sọ, omijé ń bọ́.

"Mo parọ́. Ẹ̀rù ẹ ló bà mí."

Bàbá ẹ̀ ń pè é láti òkè. Kò gbójú sókè.

"Mò ń bọ̀, Dádì. Ó ku ilé méjìlélógún."

"Mọ́kànlélógún ni," Bóyè sọ.