Ọnà Tó Kọjú Sí Àlejò

Irun ni Mandar kọ́kọ́ rí. Irun dídì kan, gígùn gbọọrọ, ń fì lókè erùpẹ̀. Ìgbà tó gbójú sókè ló rí i pé ẹni tó ni irun náà wà lórí òpó igi, orí nísàlẹ̀, ẹsẹ̀ lókè, itan lásán ló fi di òpó mú. Ó rò pé ó fẹ́ já bọ́ ni. Ó sáré síbẹ̀, ó tẹ́wọ́ méjèèjì sílẹ̀ láti hán obìnrin náà.

"Tíṣà, ẹ kúrò lábẹ́ mi o," ni obìnrin náà wí pẹ̀sẹ̀. "Bí mo bá já lù yín, ta ni yóò kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò?"

Àwọn ọmọ tó yí òpó ká bú sẹ́rìn-ín.

Ká sọ tòótọ́, ìjà ni Mandar bá wá. Nínú kíláàsì rẹ̀ ní ìlú Wai, àwọn ọmọ kan wà tí kò lè yí àwòrán àpótí padà lọ́kàn láéláé. Bó bá bi wọ́n pé ẹ̀gbẹ́ wo ni yóò bọ́ sókè, wọn a máa wò ó bọ̀ọ̀. Àfi bí wọ́n ṣe ṣàdédé gba gbogbo rẹ̀! Ó ní wọ́n jíwèé wò ni. Wọ́n ní rárá, Ketaki-tai, ẹ̀gbọ́n tó ń kọ́ àwọn ní eré ìdárayá orí òpó, ló kọ́ àwọn.

Ketaki sọ̀ kalẹ̀, ó nu òróró òpó kúrò lọ́wọ́ rẹ̀.

"Èmi ò kọ́ wọn ní ìṣirò kankan. Ṣùgbọ́n ọmọ tó dorí kodò, tí mo ní kó na ọwọ́ ọ̀tún sí ọ̀nà odò, ó ní láti yí gbogbo ayé padà lọ́kàn rẹ̀ ná. Àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, á já bọ́."

Háà! Ẹnu ya Mandar. Ó bẹ àwọn ọmọ náà, ó sì ń padà wá ní ìrọ̀lẹ́ gbogbo pé òun ń ṣe ìwádìí.

"Ìwádìí yìí mà pẹ́ o," ni Ketaki ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. "Ṣé òpó lẹ ń wò?"

"Mi ò ní purọ́ fún ọ, olólùfẹ́. Òpó kọ́."

Nígbà tí máńgòrò máa fi pọ́n, wọ́n ti fẹnu kò láti fẹ́ ara wọn. Ìyá Mandar, tí gbogbo èèyàn ń pè ní Aai, ló fàáké kọ́rí. "Ṣé àdán ni n óò fi ṣe ìyàwó ilé? Kó fi òpó sílẹ̀, tàbí kó fi ọmọ mi sílẹ̀."

"Bí mo bá fi òpó sílẹ̀," ni Ketaki wí, omi lé ròrò lójú rẹ̀, "ta lo wá fẹ́ fẹ́?"

Mandar padà sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Ó bẹ Aai títí ó fi gbà kí Ketaki àti bàbá rẹ̀ yà sílé, kí Aai fúnra rẹ̀ lè sọ ọ̀rọ̀ náà sí Ketaki létí.

Wọ́n dé. Aai dúró sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú àwo ìrẹsì pẹlẹbẹ, oúnjẹ àlejò, lọ́wọ́. "Àdán ti dé," ó kùn.

Ketaki kò wọlé. Ọnà tí Aai ń fi ìyẹ̀fun funfun yà sílẹ̀ níwájú ilé láràárọ̀ ló ń wò: òdòdó, àti "Ẹ káàbọ̀" lábẹ́ rẹ̀.

"Màmá, ibo lẹ dúró sí tí ẹ fi yà á?"

"Ibí náà. Ṣé kí n lóṣòó sójú títì ni?"

"Ṣùgbọ́n àwa àlejò ló kọjú sí. Ẹ dorí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan kodò kí ẹ tó kọ ọ́, ìkankan ò sì wọ́." Ketaki rẹ ohùn sílẹ̀. "Àdán dorí kodò, ó ń wo ìṣe ẹyẹ. Màmá, níbo lẹ ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń dorí kodò: lórí òpó ni, àbí lórí okùn tí wọ́n so rọ̀?"

Àwo bọ́ lọ́wọ́ Aai, ìrẹsì fọ́n ká. Mandar tẹjú mọ́ ilẹ̀: láti kékeré ló ti ń fo ọnà yìí kọjá, kò wò ó rí.

"Okùn ni," Aai jókòó sílẹ̀ gbì. "Ọjọ́ tí wọ́n wá tọrọ mi ni bàbá mi gé e. Mandar, bàbá rẹ gan-an kú, kò mọ̀."

"Aai, kí ló dé tí ẹ wá ní kí ó fi tirẹ̀ sílẹ̀?"

"Mo ṣebí bí wọ́n ṣe ń di ìyàwó nìyẹn."

 Aai nu ojú, ó kọjú sí bàbá Ketaki. "Ẹ mú ọjọ́ ìgbéyàwó wá." Ó wá na ìka sí Mandar. "Ìwọ, bí ẹnikẹ́ni bá mú ọ̀bẹ sún mọ́ òpó ọmọ yìí, ì báà jẹ́ èmi, kí lo máa ṣe?"

"Màá dúró lábẹ́ rẹ̀, Aai."

Ketaki di ọwọ́ Mandar mú, ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín. "Ṣé mi ò ti ní kí o kúrò lábẹ́ mi?"