Ilé Tó Nílẹ̀, Tó sì Lómi

Ọjọ́ tí Ummulkulthum kọ́kọ́ wọ ṣọ́ọ̀bù Abdulkabir ní Kútọ̀, híjáàbù aláwọ̀ ọsàn ló wọ̀, ó gbé ike kan tó mọ́ gaara dání, ẹ̀rín sì kún ojú rẹ̀ fọ́fọ́. Gíláàsì tí Kabir ń gé lọ́wọ́ fọ́ pẹ́ú. Ọkùnrin tí gbogbo Kútọ̀ mọ̀ sí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kì í gbọ̀n!

"Ẹ kú iṣẹ́ o," ni obìnrin náà wí. "Ilé ni mo fẹ́ kí ẹ bá mi fi gíláàsì kọ́ fún àwọn wọ̀nyí. Kí ó nílẹ̀, kí ó sì lómi."

Kabir wo inú ike. Yéè! Ẹranko méjì ló wà níbẹ̀, dúdú lẹ́yìn, pupa níkùn bí ata rodo, ìrù gbọọrọ, wọ́n jọ ọmọńlé tó lọ wẹ̀ lódò tí kò rántí ilé mọ́. Ẹ jẹ́ kí n tú àṣírí kan fún yín: kò sí ohun tí Kabir bẹ̀rù láyé yìí tó ọmọńlé. Ọ̀kan já bọ́ sí i lọ́rùn nígbà tó wà ní ilé-kéwú, títí dòní olónìí, yóò kọ́kọ́ tan tọ́ọ̀ṣì yẹ àjà wò kí ó tó sùn.

"Níùtì ni wọ́n ń pè wọ́n," ni obìnrin náà ṣàlàyé. Tíṣà bayọ́lọ́jì ni. Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta ẹja inú gíláàsì l'Ékòó ló ti rí wọn, tí ẹnikẹ́ni kò rà wọ́n, àánú sì ṣe é. "Ẹ̀rù wọn ò bà yín, àbí?"

"Èmi kẹ̀?" ni Kabir dáhùn. Ó ti wà lẹ́yìn tábìlì nígbà yẹn.

Obìnrin náà to gbogbo bí ó ṣe fẹ́ ilé náà lẹ́sẹẹsẹ fún Kabir. Ṣùgbọ́n ojú obìnrin ni ọkùnrin ń wò, etí rẹ̀ ò sí níbẹ̀. Nígbà tí Ummu padà wá, ó bá àpótí gíláàsì tó ń dán gbinrin: pèpéle méjì, ilẹ̀kùn tó ń yọ̀ lọ yọ̀ bọ̀, gílóòbù kan lókè tó ń jó yòò.

"Bọ̀dá Kabir, kí lèyí?"

"Ilé ni. Gílóòbù yẹn á jẹ́ kí ara wọn móoru dáadáa."

"Àpótí míìtì-páì lẹ kàn yìí o! Ṣé ẹ fẹ́ yan wọ́n tà ni?"

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sórí àpótí irinṣẹ́. Kabir fọwọ́ họrí. "Ẹ̀bi mi kọ́. Ẹ̀yin lẹ rẹwà jù, mi ò gbọ́ nǹkan tí ẹ ń sọ."

"Ẹ wá wo ẹlẹ́nu dídùn!"

Wọ́n tún un bẹ̀rẹ̀. Ummu ní ooru lọ̀tá níùtì, omi tútù ni wọ́n fẹ́. Omi ẹ̀rọ sì gbọ́dọ̀ wà nínú bàsíà láìbò kí kẹ́míkà inú rẹ̀ kọ́kọ́ lọ. Kabir yọ gílóòbù àti pèpéle, ó fi gíláàsì kúkurú dá àpótí náà sí méjì, apá kan fún omi, apá kan fún ilẹ̀, ó sì fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ pinpin. Ó kó òkúta wá láti Ewékorò; Ummu ní ẹnu rẹ̀ mú jù, yóò ya wọ́n lára. Ó gun ọ̀kadà lọ sí Odeda, ó ṣa òkúta odò tó ń dán wá. Àpáàdì àmù ìyá rẹ̀ àgbà ló tò bí òkè tí wọn yóò máa gùn jáde kúrò nínú omi, torí amọ̀ a máa tutù. Ó wá fi ewé odò tútù tẹ́ orí rẹ̀, ó sì fi ìdérí bo àpótí náà.

Oúnjẹ ló kù. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń ra súyà fún olólùfẹ́. Ekòló ni Kabir ń wú lẹ́yìnkùlé, á fewé wé e, á gbé e lọ.

"Adúmáradán, ekòló dé o."

"O ṣeun, olówó orí mi."

Ẹ ò rí i? ‘Ẹ’ ti di ‘o’ láàárín wọn. Kabir fẹ́ràn bí Ummu ṣe máa ń fi omi rin ọwọ́ kí ó tó gbé àwọn ẹranko náà, torí ọwọ́ gbígbẹ a máa ba awọ wọn jẹ́. Ó fẹ́ràn rẹ̀ débi pé oorun ń fò ó. Ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ kò fọwọ́ kàn wọ́n rí. Gbogbo ìgbà ni yóò ní gọ́ọ̀mù wà lọ́wọ́ òun.

Àlàájà Bùsírátù, ìyá Ummu, tó ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú, ni kò rí ẹ̀rín kankan nínú ọ̀rọ̀ náà. "Ọmọńlé inú omi nínú ilé mi! Mo gbà nítorí ọmọ mi. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí ọ̀kan nínú wọn bá fẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ ilé yìí, àwọn àti ẹni tó kọ́lé fún wọn ni yóò jọ bá ẹnu ọ̀nà lọ." Àlàájà kì í sì í sọ̀rọ̀ kó yí i padà.

Ọjọ́ mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ pé. Àlàájì Sàlàhúdíìnì, baba Ummu, ní kí wọ́n gbé ilé níùtì sí pálọ̀, kí àwọn àlejò lè rí iṣẹ́ ọwọ́ ọkọ ìyàwó. Ni Làtífátù, àbúrò Àlàájà, bá ṣí ìdérí láti yọjú wò. Kò sì dé e dáadáa.

Kabir wọlé tòun ti agbádá, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú àwọn àna. Ẹ ṣáà mọ̀ ọ́n, ẹni tó dọ̀bálẹ̀ fún àna kì í dìde àfi tí wọ́n bá ní kó dìde. Àwọn ìyá ìyàwó sì ní kó ṣì sùn síbẹ̀ ná, àwọn ń wo bó ṣe gùn tó.

Kabir gbé ojú sókè díẹ̀. Níùtì kan dúró síwájú imú rẹ̀.

Òógùn bò ó. Bí ó bá fò sókè, Àlàájà á rí i, sálúbàtà ni yóò fi pa ẹranko, ìyàwó á sì bọ́ lọ́wọ́ òun. Ó ní bísímílà, ó fẹ́ na ọwọ́ bò ó, ó wá rántí pé ọwọ́ òun gbẹ.

"Ẹ jọ̀ọ́," ó ké láti ilẹ̀, "ẹ bá mi bu omi!"

"Yéè, ó ti fẹ́ dákú!" Làtífátù sáré gbé bútà, ó da gbogbo omi inú rẹ̀ lé e lórí.

Omi ṣàn dé ọwọ́ rẹ̀. Kabir di níùtì náà mú. Ó tutù, ó rọ̀, ó ń jà pìtìpìtì. Kabir pariwo bí ọmọdé, ṣùgbọ́n kò jù ú sílẹ̀.

"Kí ló wà lọ́wọ́ rẹ?" Àlàájà ti dìde, sálúbàtà ti bọ́ sí i lọ́wọ́.

"Níùtì ni, mà. Bí ẹ bá fẹ́, ẹ lé mi jáde, ẹ má ṣáà pa á. Ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí jù yín lọ, ọjọ́ pẹ́ tí mo ti ń purọ́. Ṣùgbọ́n Ummu fẹ́ràn rẹ̀, mi ò sì lè wò ó níran kó kú."

Àlàájà wo agbádá tó ń kán tótó, ó wo ọkùnrin gbọ̀ngbọ̀nràn tó ń gbọ̀n lórí tàìlì. Àlàájì ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Ojú Àlàájà le díẹ̀ sí i, kí òun náà tó bú sẹ́rìn-ín.

"Ẹni tó ń bẹ̀rù báyìí tí kò sì sá," ó ní, ó ju sálúbàtà sílẹ̀, "ta la tún fẹ́ fọmọ fún? Dìde, àna mi, kí òtútù má mú ọ."

"Mi ò lè dìde, mà. Ọwọ́ mi kò ṣeé ṣí mọ́."

Ummu ti inú yàrá jáde pẹ̀lú abọ́ omi. Ó kúnlẹ̀ tì í, ó ń ṣí ìka rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

"O ò wí fún mi," ó sọ jẹ́ẹ́jẹ́.

"Mo rò pé wàá kọ̀ mí. Ummu mi, ẹ̀rù yìí ò sì ní lọ o."

"Kó má lọ. Ìwọ ṣáà máa bọ̀ wá sílé, èmi á máa ṣí ọwọ́ rẹ."

Níùtì náà bọ́ sínú abọ́. Ummu kò fi ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.