Èèkàn Méje Lẹ́yìn Iléru

Kí la ti mọ̀ nípa òkè? A mọ̀ pé kì í rìn, àbí? Ohun tí ọ̀gá ibi ìwakùsà kan mọ̀ nìyẹn pẹ̀lú, láyé ìgbà tí ẹṣin ṣì ń fa ọmọlanke òkúta, tí pàṣán sì ń bá àwọn ọ̀gá jí. Ẹsẹ̀ òkè gan-an ló kọ́ iléru tí wọ́n ti ń yọ́ irin sí, kí òkúta má bàa rìn jìnnà.

Bàbá Èèkàn, ẹni tó ń wọn ilẹ̀ fún wọn, kan èèkàn méje sẹ́yìn iléru náà, lójú okùn kan ṣoṣo. Ẹ fara balẹ̀ bá mi wò ó: bí ilẹ̀ bá dúró, ìlà èèkàn á gún. Bí ilẹ̀ bá ń yọ́ rìn, ìlà á wọ́. Ó fi han àbúrò rẹ̀, tó ń fẹ́ná nínú iléru.

"Àràárọ̀ ni kí o máa wò ó kí o tó wọlé. Bó bá wọ́, sá!"

Àbúrò rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ gba èèkàn gbọ́ ju ìyàwó yín lọ."

"Èèkàn ò purọ́ fún mi rí."

Lẹ́yìn òjò ọjọ́ mẹ́ta, èèkàn mẹ́ta tó wà láàárín ti fi ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan sọ̀ kalẹ̀. Bàbá Èèkàn sáré tọ ọ̀gá lọ, ó ṣí fìlà.

"Ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ dákun, ẹ kó àwọn èèyàn kúrò níbẹ̀. Òkè ti ń bọ̀."

"Ojú ẹ ló wọ́, àgbàyà! Ìlà tí ò gún lo fà, o wá ń di ẹ̀bi ru òkè."

Ó nà án títí aṣọ fi lẹ̀ mọ́ ẹ̀jẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀, ó ní kí wọ́n so ó mọ́ ọmọlanke lẹ́nu ihò kùsà. Lójú Bàbá Èèkàn ni ọ̀gá ti fọwọ́ ara rẹ̀ fa èèkàn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tu, ó tún wọn kàn. Ìlà gún régé.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, àbúrò dé. Ó wo ìlà. Ó gún. Ó ń súfèé wọlé lọ.

"Má wọlé! Wọ́n ti tún un kàn!" Bàbá Èèkàn pariwo láti ibi tí wọ́n so ó mọ́, títí ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ fi bó, àmọ́ ariwo ẹwìrì gbé ohùn rẹ̀ mì.

Òkè ya. Igi, àpáta àti ẹrẹ̀ rọ́ lu iléru, wọ́n lọ ògiri àti egungun pọ̀. Ọwọ́ àbúrò ni wọ́n kọ́kọ́ rí, ẹ̀mú ṣì wà nínú rẹ̀. Ọkọ́ tí àwọn awakùsà fi hú u jáde náà ni wọ́n fi lé ọ̀gá. Kò tíì dé ìdí ẹṣin rẹ̀ tí wọ́n fi lù ú pa.

Bàbá Èèkàn darúgbó. Ibi yòówù kó ti wọn ilẹ̀, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan èèkàn tó bá ti kúrò lójú ìlà.

Bí ilé yín bá wà lẹ́sẹ̀ òkè, ẹ kan èèkàn méje lónìí, lójú okùn kan. Lẹ́yìn òjò, ẹ padà lọ wò ó. Bó bá wọ́, ẹ má tún un kàn. Ẹ kó ẹrù yín.